Ilẹ̀ Ò Jẹ̀bi

Àwòrán kan wà lórí fóònù mi tí mi ò lè pa rẹ́. Ewé pákí ni. Oko màámi ni mo ti yà á, lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, nínú oṣù karùn-ún ọdún 2016. A ò tíì gbin pákí ọ̀hún ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ewé mẹ́rin péré ló yọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ká kò bí etí ewúrẹ́ tí òjò pa, tí yẹ́lò sì ti ṣe tótòtó sí gbogbo ara wọn. Nígbà yẹn, mo fi í ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àgbẹ̀ tuntun dé o!" A jọ rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rí ni mo ń kó pa mọ́, àti pé èmi gan-an ni ẹ̀rí náà máa mú.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí bàbá mi kú, ilẹ̀ éékà méjì ló fi sílẹ̀ fún wa. Màámi ló ń dá oko níbẹ̀. Pákí ló ń gbìn, láfún ló ń fi í ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwa ọmọ Líṣàbí dáadáa, ẹ mọ̀ pé láfún kì í ṣe oúnjẹ tá a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nílé wa. Ẹ ó bó pákí, ẹ ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin títí tó fi máa rọ̀, ẹ ó fún omi ara rẹ̀ dànù, ẹ ó wá sá a sórí àpáta kí oòrùn gbé e. Ohun gbogbo lè wọ́n l'Ábẹ́òkúta, àpáta ò lè wọ́n.

Computer Science ni mo kà ní FUNAAB, ìyẹn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1988. Ẹ fojú inú wò ó: ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lójú ọ̀nà Alábàtà, ẹ̀gbẹ́ oko ìwádìí ni mo ń gbà lọ sí kíláàsì, mi ò dúró wo ewé kan ṣoṣo rí. Kóòdù ló wà lórí mi. Ìgbà tí mo parí àgùnbánirọ̀ tí mi ò ríṣẹ́ ni mo tó rántí pé a lóko. Mo sọ fún màámi pé a máa fẹ oko náà lójú, a máa gbin gbogbo éékà méjèèjì.

Igi tí a máa gbìn ò wá tó. Màámi ní kí n lọ bá ìyá tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ìyá Ààlà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín oko rẹ̀ àti tiwa. Òun àti màámi jọ máa ń gbé láfún lọ sọ́jà Láfẹ́nwá ni, wọn a máa bára wọn tajà. Ìyá Ààlà ní òun máa fún wa nígi, àmọ́ kí n wá gé e fúnra mi láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ó rẹ̀ mí láti ronú kàn án. Mo gba ojú títì lọ, mo rí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó kó igi pákí. Ẹni tó ń tà á ní "àgíríìkì" ni. Owó rẹ̀ ò wọ́n. Mo ra ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mi ò bi í ní ìbéèrè kan. Mo sì mọ ìbéèrè bi tí mo bá fẹ́ ra fóònù àlòkù o.

Nígbà tí a hú pákí yẹn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò ta. Ìdí kan á ní mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò ju ìka ẹsẹ̀ lọ. A ní bóyá òjò ni. A gé igi lára rẹ̀, a tún un gbìn. Ọdún kejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ yíjú sódì kejì ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn, pákí Ìyá Ààlà dúdú minimini, ó ga ju mi lọ. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, oòrùn kan náà.

Ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú ìyẹn. Ẹnì kan ní ilé àdúrà sọ fún màámi pé nǹkan wà nínú ilẹ̀ náà, wọ́n gbé e sí i ni. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò nílò láti dárúkọ. Láti ọdún 2018, màámi ò kí Ìyá Ààlà mọ́. Tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà ẹsẹ̀, màámi á máa wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ jábọ́. Èmi ti ríṣẹ́ l'Ékòó nígbà yẹn, mo ti ń kọ kóòdù fáwọn ilé iṣẹ́ tí wọn ò mọ̀ pé Ọ̀dẹ̀dá wà láyé.

Lọ́dún 2023, àbúrò bàbá mi pe ìpàdé ẹbí. Dádì Oko là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún rẹ̀ ti pẹ́ tó ti lọ sóko gbẹ̀yìn. Ó ní ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ti wà. "Ilẹ̀ yìí ti gbàrùn," ó wí fún mi lórí fóònù. "Ẹ jẹ́ ká tà á fẹ́ni tó máa kọ́lé. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣàìsàn." Ó ní èmi ni dáwódù, kí n wá fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí ìpàdé náà tó wáyé.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ "ilẹ̀ gbàrùn." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí laptop mi láti lọ wá ohun tí mo máa fi já a nírọ́. Ohun tí mo rí ni pé ilẹ̀ máa ń gbàrùn lóòótọ́.

Ní Senegal àti Burkina Faso, fáírọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń sọ ẹ̀pà di aràrá. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, àmọ́ kò lè dá rìn. Ohun abẹ̀mí kékeré kan tí ojú lásán ò lè rí, Polymyxa lorúkọ rẹ̀, ló ń gbé e kiri bí dáńfó ṣe ń gbé èrò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Polymyxa á wọ inú èèpo líle, á sùn. Ó lè sùn ju ọdún mẹ́wàá lọ. Tí omi bá dé, tí gbòǹgbò sì wà nítòsí, á jí, á lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi irun gbòǹgbò, á wọlé, fáírọ́ọ̀sì á sì bọ́ sílẹ̀ nínú ilé onílé. Irú rẹ̀ ló bá àwọn àgbẹ̀ Ítálì láwọn ọdún 1950, nínú oko bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà. Gbòǹgbò bíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í hu irùngbọ̀n kiri, ìdí rẹ̀ ò sì tóbi mọ́. Orúkọ tí wọ́n fún àrùn náà túmọ̀ sí "wèrè gbòǹgbò."

Báwo ni irúgbìn ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ irú èyí? Èrò mi ni pé á tilẹ̀kùn ni. Rárá o. Nínú àlìkámà tí àrùn yìí kì í ràn, Polymyxa ṣì máa ń wọ gbòǹgbò bó ṣe ń wọ ti àwọn yòókù. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé fáírọ́ọ̀sì náà ò rọ́nà jáde kúrò nínú gbòǹgbò lọ sókè. Ó wọlé, kò ráyè dé pálọ̀. Ti bíìtì náà fara jọ ọ́: jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Rz1 kì í jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì náà pọ̀ nínú àwọn gbòǹgbò wẹ́wẹ́. Nígbà tó yá, láwọn ibì kan, fáírọ́ọ̀sì náà yíra padà, ó kọjá Rz1, wọ́n sì ní láti fi jíìnì mìíràn tì í lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti ṣọ́ sáfà rí á mọ irú ìgbésí ayé yẹn. Ògiri nìkan ò tó. Kí o gbà pé olè á wọlé lọ́jọ́ kan, kí o sì rí i pé tó bá wọlé, kò ní lè rìn jìnnà.

Ohun ìjà kan sì wà tí irúgbìn gbogbo ní. Tí wọ́n bá kẹ́ẹ́fín RNA fáírọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, lẹ́tà 21 sí 24 ní ègé kọ̀ọ̀kan. Wọn ò ní da ègé yẹn nù. Wọ́n á máa fi í ṣe àwòrán ọ̀daràn, wọ́n á máa gbé e káàkiri, ohunkóhun tó bá bá a mu, gígé ni. Search and delete ni, àmọ́ ó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ronú kọ̀ǹpútà. Fáírọ́ọ̀sì náà ò gọ̀, òun náà ní ohun tó fi ń di àwọn tó ń gé e lọ́wọ́.

Báyìí ni mo ṣe kà á dé ìdájí, tí mo sì rí i pé Dádì Oko lè jàre. Tí fáírọ́ọ̀sì bá wà nínú ilẹ̀, tí pákí Ìyá Ààlà bá jẹ́ irú tí gbòǹgbò rẹ̀ lè dí i lọ́nà, tí tiwa ò sì lè dí i, ohun tí a máa rí ni ohun tí a rí gan-an: ọ̀kan ń gbó, ọ̀kan ń kú, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan láàárín wọn. "Ilẹ̀ kan náà" tí mo ń sọ lẹ́nu ò já irọ́ kankan.

Àmọ́ àrùn wo gan-an ni tiwa? Ìyẹn ò le. Mo tẹ "ewé pákí tó ká" sórí Google, àwòrán oko wa ló jáde wá látinú oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Mòsáíìkì pákí lorúkọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ tó di Tanzania lónìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, lọ́dún 1894. Òun ló ba oko jẹ́ ní Uganda láwọn ọdún 1990, débi pé àwọn àgbẹ̀ àgbègbè kan pa pákí gbígbìn tì pátápátá. Mòsáíìkì kì í sì í gbénú ilẹ̀. Ọ̀nà méjì péré ló ní. Ọ̀kan ni eṣinṣin funfun kékeré kan tó máa ń mu omi ara ewé, tó ń gbé e látorí pákí kan sí òmíràn. Ìkejì ni igi tí a gé láti fi gbìn. Tí ìyá pákí bá ní in, gbogbo igi tí ẹ bá gé lára rẹ̀ ló lè gbé e lọ. Kọ̀pí ni, ó kó bug rẹ̀ dání.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀. Tó bá jẹ́ eṣinṣin ló gbé e wá, àwọn ewé ìsàlẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ á mọ́, torí wọ́n ti jáde kó tó dé. Tòkè ló máa ká. Tó bá jẹ́ pé inú igi ló wà nígbà tí ẹ gbìn ín, ewé àkọ́kọ́ pàá ló máa fi hàn.

Nínú iṣẹ́ wa, tí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bá bàjẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: kí ló yí padà? Ilẹ̀ ò yí padà. Ìyá Ààlà ò yí padà. Kí ló yí padà lọ́dún 2016? Mo mú fóònù mi, mo ń fa àwòrán sẹ́yìn, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, títí mo fi débẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ewé mẹ́rin. Gbogbo wọn ló ká. "Àgbẹ̀ tuntun dé o!"

Iná ti lọ nígbà yẹn. Mo jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Èmi ni mo gbé àrùn wọlé. Mo sanwó rẹ̀, mo gbé e sínú ọkọ̀, mo fi ọwọ́ ara mi gbìn ín. Lẹ́yìn náà ni mo lọ Èkó, mo fi ìyá méjì sílẹ̀ kí wọ́n máa bá ara wọn yan odì lórí ohun tí mo ṣe.

Mi ò sùn. Mo ń kà lọ. Mo kà á pé àlejò ni pákí nílẹ̀ yìí, láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló ti wá, àti pé mòsáíìkì ò sí níbi tó ti wá. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti pàdé. Láwọn ọdún 1930, ní Amani ní Tanzania, wọ́n mú pákí pọ̀ mọ́ ìbátan rẹ̀ inú igbó kan kó lè lágbára sí àrùn. Láwọn ọdún 1950, irúgbìn láti inú iṣẹ́ yẹn dé Moor Plantation n'Íbàdàn. Wọ́n dá IITA sílẹ̀ lọ́dún 1967, ará Kòríà kan tó ń jẹ́ Sang Ki Hahn sì dé ibẹ̀ lọ́dún 1971. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló bí TMS 30572, èyí tó gba oko kiri ní Nàìjíríà. Àwọn ará Ìkirè fi ọkùnrin náà joyè Séríkí Àgbẹ̀.

Síbẹ̀, ibi tó dùn mọ́ mi jù ò sí ní Amani. Nígbà tó yá, àwọn IITA ń gba pákí ìbílẹ̀ jọ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, irú èyí tí àwọn ìyá àgbà ti ń gbìn tipẹ́. Àwọn kan wà láàárín wọn tí mòsáíìkì ò lè ṣe ní nǹkan gidi. Lọ́dún 2002, ìwádìí jáde pé jíìnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn agbára yẹn. CMD2 ni wọ́n pè é. Ọ̀kan nínú àwọn pákí bẹ́ẹ̀ ni TME 7, tí orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wà nínú ìwé wọn báyìí: Oko-iyawo. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Mi ò lè sọ bóyá ọkọ ìyàwó ni àbí oko ìyàwó. Òmíràn wá láti Togo, Gbazekoute ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Tiwa ní Nàìjíríà ńkọ́? TME 419. Ẹ gbà á gbọ́ tàbí ẹ má gbà á gbọ́, pákí tí kò ní já yín kulẹ̀, 419 lorúkọ rẹ̀.

Lọ́dún 2022, àwọn olùṣèwádìí tọ ipa agbára CMD2 yìí dé orí jíìnì kan pàtó. Ẹ wo ibi tó wà. Fáírọ́ọ̀sì mòsáíìkì kéré: DNA rẹ̀ ò ju nǹkan bí 5,500 lẹ́tà lọ. Ìdí tó fi kéré tó bẹ́ẹ̀ ni pé kò gbé ẹ̀rọ ìdàkọ tirẹ̀ rìn. Ti pákí ló máa ń lò láti fi kọ ara rẹ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Jíìnì tí wọ́n rí yìí ló ń ṣe apá kan nínú ẹ̀rọ ìdàkọ ti pákí, ìyípadà tó wà nínú rẹ̀ lára pákí tó lágbára sì lè jẹ́ lẹ́tà kan péré. Lẹ́tà kan! Nínú DNA tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 750 lẹ́tà. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta wá àmì kọ́mà kan rí nínú kóòdù, ó yé mi. Ó sì lè sọnù o. Lọ́dún 2016, ọdún àwòrán mi gan-an, ìwádìí jáde pé irú àwọn pákí yìí, tí wọ́n tún hù láti inú ọlẹ̀ tí wọ́n ṣe ní yàrá ìwádìí, pàdánù agbára náà. Ohun tí àwọn ìyá wa tọ́jú láti oko dé oko, ó lè bọ́ nù lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ra.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Mi ò gbé laptop dání. Mo kọ́kọ́ pe màámi sẹ́yìnkùlé, mo fi àwòrán náà hàn án, mo ṣàlàyé ewé àkọ́kọ́ fún un, mo sì sọ ibi tí mo ti ra igi náà. Ó wo fóònù náà títí iná rẹ̀ fi kú.

"Ó fẹ́ fún ẹ nígi nígbà yẹn," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọdún márùn-ún ni mi ò fi kí obìnrin yẹn."

"Èmi ni mo fà á, Màámi. Ẹ jẹ́ kí n lọ bá wọn, kí n bẹ̀ wọ́n."

Ó mi orí. "Ìwọ lo ra igi. Èmi ni mo ra ìjà. Jókòó síbí."

Ó wé gèlè rẹ̀, ó lọ. Mo ń wò wọ́n láti òkèèrè. Ìyá Ààlà ń bó pákí lọ́wọ́, kò sì dá a dúró. Màámi dúró, ó ń sọ̀rọ̀, nígbà tó yá ó kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ọ̀bẹ ò dúró. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ, màámi ò sì sọ ọ́ fún mi títí dòní.

Nínú ìpàdé, Dádì Oko ní, "Kọ̀ǹpútà ló sọ gbogbo èyí fún ẹ?" Mo ní, "Rárá, Dádì, ewé ló sọ ọ́." Ó ṣe hẹn. Wọ́n fún wa lọ́dún méjì: tí pákí bá ta, ilẹ̀ ò ní lọ, tí kò bá ta, mo máa fọwọ́ síwèé. A hú gbogbo pákí ibẹ̀ pátá, a sun ún. A ò fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí àánú.

Lọ́dún 2024, Ìyá Ààlà fún wa nígi gbìn. Kí n má purọ́, ó tà á fún wa ni, iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, kò dín kọ́bọ̀. Màámi san án, kò ná an. Ní àárọ̀ Sátidé ni mo lọ gé e fúnra mi. Mo bi ìyá náà pé kí lorúkọ irú pákí yẹn. Ó wò mí bí ẹni tó béèrè orúkọ òjò. "Pákí ìyá ọkọ mi," ó ní. Mi ò mọ̀ bóyá CMD2 wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ewé ṣì wà lórí, mo ti lọ wò ó ní ìdí kọ̀ọ̀kan, ewé rẹ̀ mọ́.

A hú u lọ́dún 2025. Ó ta. Àwọn ìdí mélòó kan wà tí ewé wọn ká lókè, iṣẹ́ eṣinṣin nìyẹn, a fà wọ́n tu kíá. Ilẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Màámi àti Ìyá Ààlà ti ń kí ara wọn, "ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́," kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò tíì jọ gbé ẹrù lọ sí Láfẹ́nwá. Èmi ò bá wọn dá sí i. Mo ti dá sí i tó.

Ní báyìí, tí a bá ti gbin pákí, mo máa ń fi í sórí kàlẹ́ńdà fóònù mi: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá pé, mo máa wọ ọkọ̀ láti Èkó, mo máa lọ lóṣòó sí àárín ebè, mo máa wo ewé àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa kọjá sódì kejì ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn, mo máa dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Ààlà, mo sì máa bá wọn wo tiwọn.